Kí A Tó Fi Ohùn Àwọn Àgbà Lé Káàdì Lọ́wọ́

Bí àlejò kan bá wọ ìlú Kétu lónìí, tí ó sì béèrè ibi tí a kó àwọn orin Ẹ̀fẹ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn jọ sí, kò sí ilé kan ní pàtó tí a lè mú un lọ. Àpò ni a ó fi hàn án: àpò ṣòkòtò ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àpamọ́wọ́ ìyá oníṣòwò kan, àpótí kékeré tí olùkọ́ kan tì sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Fóònù ni ó wà nínú àwọn àpò wọ̀nyí. Nínú fóònù náà ni a ó ti rí ohun pẹlẹbẹ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 11, tí kò sì nípọn ju mìlímítà 1 lọ. «Carte mémoire» ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Káàdì ìrántí ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín, orúkọ náà sì yẹ ẹ́, nítorí pé ohun tí àwọn baba wa ń fi pamọ́ sínú orí àti ẹnu, inú rẹ̀ ni àwa ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àṣà tí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ aráyé. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Inú wa dùn sí i, inú wa sì ń dùn sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè gba orin sílẹ̀ dípò ẹni tí ó ni orin. Orin Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ orin òru. Ohun tí wọ́n fi kọ aláṣejù lẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún yìí lè má tún jáde ní ọdún tí ń bọ̀, nítorí pé aláṣejù mìíràn yóò ti dé. Ẹni tí kò sí lójúde ní òru ọjọ́ náà kò gbọ́ ọ, àfi bí ẹnìkan bá gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ọ̀rọ̀ káàdì ayédèrú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ta fóònù nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bíi tiwa ni, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń rán sí abúlé pé kí wọ́n lọ kó ìtàn wá.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ kíláàsì «seconde» márùn-ún nínú ilé ẹ̀kọ́ wa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú. Wọ́n ń gba ìtàn ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, àti oríkì ilé ọkọ rẹ̀, àti àwọn orin ìdárò tí àwọn obìnrin agbo ilé rẹ̀ ń kọ. Fídíò ni wọ́n ń yà, nítorí pé ọwọ́ ìyá náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni ó ta wọ́n lọ́rẹ káàdì tuntun kan tí wọ́n kọ gígà 128 sí lára. Ó rà á lọ́jà ní owó tí kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń tà á níbòmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, àwọn ọmọ náà wo ohun tí wọ́n yà, ó sì mọ́ kedere. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bákan náà. Láti ọjọ́ kẹta lọ, orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ń jáde bí ó ti yẹ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, wákàtí rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Kò sí ohun tí ó jọ ewu.

Nígbà tí a ti káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù dúdú, ó sì dákẹ́. A tún lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ yín yìí tètè ń gbàgbé jù mí lọ.» Ó tún ìtàn náà sọ, ó tún oríkì náà kì, ó tilẹ̀ fi àwọn ohun kan kún un tí kò sọ nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n orin kan wà tí ó kọ ní ọjọ́ kẹrin, orin tí ó fi sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un kọ, ó mi orí. Ó ní òun kọ́ ni òun pe orin náà ní ọjọ́ yẹn, òun tìkára rẹ̀ ni ó wá, òun kò sì ní lọ fà á lápá wá. A kò tún béèrè mọ́. Káàdì tí wọ́n rà ní owó pọ́ọ́kú ni ó ná wa ní orin náà.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú káàdì yìí? Ẹ jẹ́ kí a fi àká wé e. Ohun méjì ni ó wà nínú gbogbo káàdì ìrántí. Èkíní ni àká fúnra rẹ̀, níbi tí fáìlì ń sùn sí. Èkejì ni olùṣọ́ àká, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gba ẹrù lọ́wọ́ fóònù, tí ń mọ ibi tí ó gbé e sí, tí ó sì ń dáhùn bí fóònù bá béèrè nǹkan. Fóònù kì í wọ inú àká. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń dúró sí. Bí ó bá fẹ́ mọ bí àká ti tóbi tó, ọwọ́ olùṣọ́ ni ó ti ń béèrè, ohun tí olùṣọ́ bá sì wí ni ó ń gbàgbọ́. Nítorí náà, oníjìbìtì kò nílò àká ńlá rárá. Irọ́ kan ṣoṣo ni ó ń kọ́ olùṣọ́. Àká tí kò gbà ju agbọ̀n 8 lọ, ó ní kí olùṣọ́ máa sọ pé 128 ni.

Nígbà tí agbọ̀n kẹsàn-án bá dé, olùṣọ́ kì í lé e padà. Bí ó bá lé e padà, àṣírí yóò tú. Yóò gbà á, yóò dúpẹ́, yóò sì ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì. Ó lè da ẹrù náà nù sí ẹ̀yìnkùlé. Ó sì lè dà á lé orí àgbàdo tí ó ti wà nínú agbọ̀n kìíní. Lójú tiwa, irú kejì yìí burú ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ohun tí a ti wò, tí a ti gbọ́, tí a sì ti fi ọkàn balẹ̀ lé lórí gan-an ni ó ń pa rẹ́. Ní ti orúkọ àwọn fáìlì, ìwé tí a ń kọ wọ́n sí wà ní iwájú àká, nínú apá kékeré tí ó jẹ́ òtítọ́. Ìdí nìyí tí orúkọ fi ń wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà ti kú. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ni, ẹ lè rí i pé òkè rẹ̀ hàn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di àwọ̀ eérú gbalaja.

Àwọn ìyá wa mọ irú jìbìtì yìí kí wọ́n tó bí wa. Ta ni kò mọ òṣùwọ̀n gàrí tí wọ́n ti fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọlé? Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ti àwọn yòókù, gíga rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbà kò tó. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìyá tí ó bá fura sí òṣùwọ̀n lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Káàdì kò ní inú tí ọwọ́ lè dé.

Àwọn tí ó ti gbìyànjú láti dé inú rẹ̀ wà. Ní ọdún 2010, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, Andrew Huang, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí bunnie, kọ ìròyìn nípa àwọn káàdì kan tí ń kùnà nígbà tí wọ́n ń to ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó kó oríṣiríṣi káàdì jọ, títí kan àwọn tí ó rà lọ́jà ní Shenzhen ní Ṣáínà. Ó ka ohun tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń sọ nípa ara rẹ̀, ó sì fi ásíìdì jẹ èèpo wọn kúrò kí ó lè fi ojú rí ohun tí ó wà nínú wọn. Ní 2013, níbi àpérò Chaos Communication Congress ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, òun àti Sean Cross fi hàn pé a lè kọ ìlànà tuntun sínú olùṣọ́ àká nínú àwọn káàdì kan. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù nínú àlàyé wọn ni ìdí tí olùṣọ́ fi wà nínú káàdì rárá. Ibi ìpamọ́ inú káàdì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, kì í wà láìní àbùkù. Àwọn ihò kan nínú rẹ̀ máa ń jò láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Iṣẹ́ olùṣọ́ ni láti mọ àwọn ihò wọ̀nyí, kí ó yẹra fún wọn, kí ó sì bo àṣírí wọn. Ẹni tí a gbà síṣẹ́ láti máa fi ọgbọ́n bo àbùkù ni oníjìbìtì wá gbà lọ́wọ́ wa, tí ó fi ń bo olè.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sọ́jà.

Bí a bá mú káàdì lọ́wọ́, kí a kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, nítorí pé àwọn oníjìbìtì mìíràn kò kàwé dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì SD, lẹ́tà kékeré kan sábà máa ń wà: HC tàbí XC. HC wà fún káàdì tí ó ju gígà 2 lọ títí dé 32. XC wà fún èyí tí ó ju 32 lọ títí dé 2000. Káàdì tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní gígà 64 tí ó sì gbé HC sáyà ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Kí a dá a padà sórí àtẹ, kí a sì máa lọ. Àwọn àmì mìíràn ń sọ bí káàdì ti yára tó. Nọ́ńbà 10 tí ó wà nínú lẹ́tà C, tàbí 1 nínú lẹ́tà U, ń ṣèlérí pé kò ní dín ní mẹ́gà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá ń kọ nǹkan sí i. Nọ́ńbà 3 nínú lẹ́tà U, tàbí V30, ń ṣèlérí mẹ́gà 30. Ẹni tí yóò ya fídíò ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílò láti mọ èyí, nítorí pé káàdì tí ó lọ́ra lè já fídíò sí méjì nígbà tí agbè ijó bá ń gbóná.

Kí a wo páálí náà pẹ̀lú: lẹ́tà tí kò gún, àwọ̀ tí ó ṣá, ọ̀rọ̀ Faransé tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ní Faransé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn èyí púpọ̀, wọ́n ń fi pupa sàmì sí àṣìṣe páálí bí a ti ń fi pupa sàmì sí ti ìwé wọn. Ṣùgbọ́n kí a má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tí ó lè tẹ káàdì lè tẹ páálí, a sì ti rí ayédèrú tí páálí rẹ̀ lẹ́wà ju ti ojúlówó lọ. Ní ti owó, èyí tí a rí ni pé owó tí ó kéré jù jẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára, ṣùgbọ́n owó tí ó pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ayédèrú tí wọ́n tà ní owó gọbọi ṣì jẹ́ ayédèrú.

Ẹ̀rí tí àwọn olùtajà fẹ́ràn jù ni pé kí wọ́n ti káàdì bọ fóònù lójú oníbàárà. «Ẹ wò ó, Olùkọ́. Ẹ wo ohun tí fóònù fúnra rẹ̀ sọ: gígà 119! Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀?» Olùtajà kò purọ́, òun kọ́ ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n fóònù náà kò mọ̀ ju òun lọ. Olùṣọ́ àká ni ó sọ fún fóònù, fóònù sì sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni a gbọ́, láti ẹnu méjì.

Níbi tí a ti dárúkọ 119 yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ láti fi gbe àwọn olùtajà. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ti bá wọn jà nítorí pé káàdì 32 fi 29 hàn nínú kọ̀ǹpútà, tàbí pé 64 fi 59 hàn. Jìbìtì kọ́ ni èyí. Àwọn tí ń ṣe káàdì ń ka ẹgbẹ̀rún gẹ́gẹ́ bí 1000; kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows ń kà á gẹ́gẹ́ bí 1024. Bí a bá fi òṣùwọ̀n kejì wọn gígà 32, ohun tí ó lé díẹ̀ ní 29 ni yóò kù; 64 yóò di 59 àti díẹ̀; 128 yóò di 119. Ẹrù kan náà ni, òṣùwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Ìdánwò tí ó ń tú olùṣọ́ àká fó kò ju ọ̀kan lọ: kí a kó ẹrù wọ inú àká títí yóò fi kún dé ẹnu, kí a sì kó gbogbo rẹ̀ jáde padà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà wà tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. H2testw, tí ìwé ìròyìn c't ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. F3 wà fún àwọn tí ń lo Linux tàbí Mac. Àwọn méjèèjì ń ṣe ohun kan náà: wọ́n ń da fáìlì sínú káàdì ní gígà kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì kà wọ́n padà láti wò bóyá ohun tí wọ́n fi sí i ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní ìparí, wọn yóò sọ iye tí ó yè àti iye tí ó ṣègbé. Káàdì gígà 128 tí àwọn ọmọ wa lò, nígbà tí a dán an wò, kò pa ohun tí ó tó gígà 8 mọ́.

Ìdánwò yìí ń gba àkókò, èyí sì ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn sá fún un. Bí káàdì bá ń gba mẹ́gà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gígà 64 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 53 láti kọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́gà 10 ni, yóò súnmọ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 47, a kò sì tíì ka àkókò tí yóò fi kà á padà. Ní ibi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, kí a lo kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára. Bí ohun kan bá ti wà nínú káàdì náà, kí a kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn. Kí a má sì ṣe ìdánwò náà lórí káàdì tí ó kún fún nǹkan, nítorí pé àyè tí ó ṣófo nìkan ni wọn yóò lè yẹ̀ wò.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà ńkọ́? Fóònù tó. Kí ó da fídíò gígùn sínú káàdì títí àyè yóò fi tán, kí ó yọ káàdì náà kúrò, kí ó tì í padà, kí ó sì wo fídíò àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìkẹyìn dé òpin. Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Yíyọ káàdì ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹ̀rọ lè rántí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kí ó sì fi ti orí ara rẹ̀ hàn wá dípò ti káàdì. Kí àwọn fídíò náà yàtọ̀ síra ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, a lè má mọ̀ bí olùṣọ́ bá gbé ti agbọ̀n kìíní fún wa ní orúkọ ti ìkẹyìn. Ọmọ wa obìnrin kan ní kíláàsì «troisième» ni ó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ wa, kí a tó sọ ọ́. Ẹ̀rù kò bà wá nípa ọjọ́ iwájú ọmọ yẹn.

Nítorí pé ìdánwò kò ṣeé ṣe lójú àtẹ, àdéhùn ni ó ń gba ipò rẹ̀. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa, a ń sọ fún olùtajà pé: «Àbúrò, a fẹ́ ra káàdì yìí. A ó mú un lọ sílé, a ó dán an wò. Bí kò bá pé, a ó mú un padà fún ọ ní ọ̀la tàbí ọ̀túnla. Ṣé a gbọ́ ara wa?» Bí ó bá jẹ́ àgbà ju wa lọ, a ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. A ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, «reçu» kékeré tí ó ní ọjọ́ àti iye owó. Ohun tí ó bá dáhùn ni ó ń sọ irú ẹni tí ó jẹ́ fún wa. Àwọn kan yóò bínú pé a fi olè lọ̀ wọ́n. A ń kí wọn pé ẹ kú ọjà, a sì ń kọjá. Àwọn mìíràn yóò ronú díẹ̀, wọn yóò ti káàdì àkọ́kọ́ sẹ́yìn, wọn yóò sì fa òmíràn yọ lábẹ́ tábìlì. Ìṣísẹ̀ ọwọ́ yẹn nìkan ti kọ́ wa ní nǹkan púpọ̀.

Kí a má rò pé gbogbo olùtajà ni ó mọ ohun tí ó ń tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé àtẹ kọ́rùn láàárín àwọn ọkọ̀ kò kọ ìlànà kankan sínú olùṣọ́ àká kankan. Ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó tí ó fi rà á sì lè jẹ́ gbogbo owó tí ó ní. Nígbà tí a dá káàdì kan padà fún ọ̀kan nínú wọn, ó gbọ́ àlàyé wa dé òpin, ó mú káàdì mẹ́ta mìíràn wá láti inú àpótí rẹ̀, ó sì bẹ̀ wá pé kí a bá òun dán wọn wò. Méjì nínú wọn kò pé. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ń rán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa níṣẹ́ sí wa.

Káàdì tí ó yege ìdánwò kì í ṣe àpótí ayérayé. Ìpamọ́ rẹ̀ ń gbó bí a bá ti ń kọ, tí a sì ń pa rẹ́. Ó kéré débi pé ó lè bọ́ sínú iyanrìn kí a má rí i mọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa báyìí, ohun tí a bá gbà sílẹ̀ ní ọ̀sán kò gbọ́dọ̀ sùn sínú káàdì nìkan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a ń dà á kọ sí ibi méjì, ibi méjèèjì kì í sì í wà nínú yàrá kan náà. Lára àpò káàdì kọ̀ọ̀kan ni a lẹ bébà kékeré mọ́, tí a kọ ọjọ́ ìdánwò sí àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe é. Àwọn ọmọ náà ń du iṣẹ́ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ohun tí a kò tíì fi ẹnu kò sí ni ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ayédèrú tí a bá mú. Àwọn kan láàárín wa ní kí a fi òòlù fọ́ ọ lójúkan náà, nítorí pé bí a bá dá a padà fún olùtajà, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò rà á ní ọjọ́ kejì, bóyá láti fi ya ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ tàbí ohùn bàbá rẹ̀. Àwọn mìíràn ní olùtajà ni ó ni ín bí ó bá ti dá owó padà, àti pé láìfi í han ẹni tí ó tà á fún un, kò ní rí owó tirẹ̀ gbà. Ẹ̀kẹta ní F3 lè dín káàdì kù sí ìwọ̀n òtítọ́ rẹ̀, kí gígà 8 máa jẹ́ gígà 8, kí àwọn ọmọ kéékèèké sì máa fi gbọ́ orin. A gbìyànjú èyí lórí ọ̀kan. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, ó sì kú. Olùtajà wa ní tirẹ̀ gbà pé kí a fi péènà tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà òtítọ́ sí ẹ̀yìn káàdì kí a tó dá a padà fún òun. Ó ní ẹni tí òun rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn èyí rárá, ó sì ń béèrè ẹni tí ń kọ nǹkan sí ọjà òun lára.